Oògùn Àtijọ́, Iṣẹ́ Tuntun: Bí A Ṣe Ń Wá Ìwòsàn fún Àwọn Ibà Fáírọ́ọ̀sì Tí Ẹ̀fọn Ń Gbé Kiri

Ẹ̀fọn dúdú kan wà tó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn, Aedes aegypti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun kọ́ ló ń gbé ibà tí gbogbo wa mọ̀ mọ́lé kiri. Òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ìyẹn ń jáde ní tirẹ̀. Ojúmọmọ ni eléyìí ń jẹni, omi díẹ̀ tó dúró sínú táyà àlòkù, agolo tàbí kẹ́ẹ̀gì tí kò ní ìdérí sì ti tó o yé ẹyin sí. Òun ló ń kó dengue, Zika, chikungunya àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ní ọdún 2024 nìkan, iye aláìsàn dengue tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ ránṣẹ́ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé lé ní mílíọ̀nù 14, a ò sì tíì ka àwọn tí kò dé ilé ìwòsàn rárá. Síbẹ̀, nínú àrùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó ní oògùn tí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí pé ó ń pa fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lára ènìyàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ó sì dára gan-an. Ti dengue àti ti chikungunya náà ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn ti wọ̀ lára ńkọ́? Parasítámọ́ọ̀, omi, ìsinmi àti ojú tó ń ṣọ́ ọ ni dókítà ní fún un.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi yíjú sí oògùn tó ti wà lórí àtẹ tẹ́lẹ̀. Oògùn tuntun pátápátá a máa gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ọwọ́ aláìsàn, owó tó ń jẹ kì í sì í ṣe kékeré. Oògùn tí wọ́n ti ń lò fún àrùn mìíràn ti rin apá kan nínú ìrìn náà ná: a mọ bí ara ṣe ń gbà á, a mọ ìwọ̀n tó ń di májèlé, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà, àwọn tó ń tà á sì wà. Ọ̀nà yìí ti so èso rí. AZT, oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún kòkòrò HIV ní ọdún 1987, jẹjẹrẹ ni Jerome Horwitz ṣe é fún ní 1964. Kò wo jẹjẹrẹ, wọ́n sì gbé e tì fún nǹkan bí ogún ọdún. Dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ti ń fún àwọn tí ara wọn wú láti ọjọ́ pípẹ́, ni ìdánwò RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ní oṣù kẹfà ọdún 2020 pé ó ń gba ẹ̀mí àwọn aláìsàn kòrónà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ amúnimí là. Nínú ọgọ́rùn-ún (100) irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí kò gbà á, bíi 41 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gbà á, bíi 29. Nítorí náà, mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ìwá-kúwàá ni iṣẹ́ yìí. Ó tọ́, ó sì yẹ ká náwó sí i. Èrò mi ni pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ wà. Oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì dengue tàbí Zika nínú ìgò pọ̀ lọ jàra. Ohun tó wọ́n ni ìdánwò lára aláìsàn, tó ti wà ní sẹpẹ́ kí àjàkálẹ̀ tó dé, tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ bi ara wọn bóyá oògùn náà ń dé ibi tí àrùn wà, bóyá ó ń débẹ̀ ní ìwọ̀n tó tó, àti bóyá ó ń débẹ̀ lásìkò.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n á tọ́ sẹ́ẹ̀lì sínú àwo oníhò kéékèèké. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ẹ̀lì Vero ni, tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ mú láti ara kíndìnrín ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1962. Wọ́n á da fáírọ́ọ̀sì sí i, wọ́n á kán oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá wo ihò tí sẹ́ẹ̀lì kò ti kú. Ẹ̀rọ lè yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oògùn wò báyìí láìpẹ́ ọjọ́. Nígbà tí Zika gba Brazil kan ní 2015 àti 2016, tí àwọn ìyá ń bí ọmọ tí orí wọn kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ nǹkan bí èròjà 6,000 wò lọ́nà yìí. Niclosamide wà lára àwọn tó yege. Oògùn aràn inú ìfun ni, ó ti pẹ́ tí ayé ti ń lò ó, ìròyìn náà sì múnú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí niclosamide ṣe ń pa aràn. Bí ènìyàn bá gbé e mì, inú ìfun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jókòó sí, díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Èyí dára fún ẹni tí aràn ń yọ lẹ́nu, torí ara ìfun ni aràn lẹ̀ mọ́, oògùn náà kò sì ní í da àgọ́ ara yòókù láàmú. Zika kì í gbé inú ìfun. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ibẹ̀ ló ń gbà dé ara ọmọ inú oyún. Nínú àwo oníhò, kò sí ìfun, kò sí ẹ̀dọ̀ tó ń fọ́ oògùn wẹ́wẹ́, kò sí kíndìnrín tó ń tọ̀ ọ́ dànù. Ìwọ̀n tó wu onímọ̀ ló lè kán sí i. Oògùn tó ṣe bẹbẹ níbẹ̀ kò tíì jẹ́rìí kankan nípa ara ènìyàn.

Chloroquine ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó gbóná jù. Kò sí agbo ilé Yorùbá tí kò mọ oògùn yìí, kíkorò rẹ̀ àti bó ṣe ń mú kí ara máa yún àwọn mìíràn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ń dín kíkan inú àpò tíntín tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé kù, fáírọ́ọ̀sì á sì há sínú àpò náà. Nínú ìgò, ó ń dá chikungunya dúró dáadáa. Ní 2005 àti 2006, chikungunya bo La Réunion mọ́lẹ̀, erékùṣù tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé nínú Òkun Íńdíà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta níbẹ̀ ló kó o, ó lé ní 250,000 ènìyàn. Àwọn dókítà fi kèké pín aláìsàn 54 sọ́nà méjì: àwọn kan gba chloroquine, àwọn kan gba hóró tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú. Iye ọjọ́ tí ibà fi wà lára wọn kò yàtọ̀. Iye ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì fi wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n léèrè ní nǹkan bí ọjọ́ 200 lẹ́yìn náà, àwọn tó gba chloroquine gan-an ni ìráhùn wọn pọ̀ jù nípa oríkèé ara tó ń dùn wọ́n. Ìwádìí lára ọ̀bọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 wá fi ìdí kan hàn: oògùn náà ń dá ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́ kọ́, fáírọ́ọ̀sì sì ń ráàyè pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń gbà sẹ́ẹ̀lì inú ìgò là ń dí ara odidi ẹ̀dá lọ́wọ́, torí pé sẹ́ẹ̀lì inú ìgò kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan tí oògùn lè dí lọ́wọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Oṣù karùn-ún ọdún 2006 ni ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àjàkálẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ti ṣàìsàn, aláìsàn 54 péré ni wọ́n rí fi dáhùn ìbéèrè tó kan gbogbo ayé, torí àtigba àṣẹ, àtikó oògùn jọ àti àtikọ́ òṣìṣẹ́ gba oṣù mélòó kan, ẹ̀fọn kò sì dúró dè wọ́n.

Àwọn tó ti fara ṣiṣẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà ní Ho Chi Minh City ní Vietnam, níbi tí dengue kì í ti í fo ọdún kan, tí ilé ìwòsàn àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru ibẹ̀ àti àwọn onímọ̀ Oxford ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n dán chloroquine wò lára àgbàlagbà tó lé ní 300. Fáírọ́ọ̀sì kò tètè kúrò lára wọn, èébì ló pọ̀ sí i. Wọ́n dán prednisolone, ìbátan dexamethasone, wò lára ọmọdé àti ọ̀dọ́ 225, kò ṣe wọ́n níbi, kò sì ṣe wọ́n lóore. Lovastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, lára àgbàlagbà 300: bákan náà. Ní Singapore, wọ́n dán celgosivir wò lára ènìyàn 50, oògùn tí ìpilẹ̀ rẹ̀ wá láti ara igi kan ní Ọsirélíà, tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú fún HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú C. Ó gba eku là lọ́wọ́ dengue. Kò mú kí ibà ènìyàn tètè lọ. Ní Thailand, ivermectin, tí àwa mọ̀ sí oògùn ìfọ́jú etí odò, mú kí èròjà NS1 tí fáírọ́ọ̀sì dengue ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tètè pòórá, ṣùgbọ́n ara aláìsàn tó gbà á kò yá ju ti ẹni tí kò gbà á lọ.

Ti balapiravir ló yẹ ká dúró tì díẹ̀, torí òun ló sọ ìdí. Ilé iṣẹ́ Roche ṣe é fún mẹ́dọ̀wú C, kò sì dé ọjà. Fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú C àti ti dengue jẹ́ ìbátan, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń da ara wọn kọ jọra, balapiravir sì ń ba irinṣẹ́ náà jẹ́. Wọ́n fi tọ́jú àwọn aláìsàn dengue ní Vietnam, nínú ìdánwò tí ènìyàn 64 wà nínú rẹ̀, oògùn náà sì wọnú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìwọ̀n tí wọ́n rò pé ó tó. Kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n padà sí yàrá ìwádìí, wọ́n rí i pé oògùn yìí kì í jà bó ṣe wà. Sẹ́ẹ̀lì ló gbọ́dọ̀ yí i padà sí irú èyí tó ń jà. Bí oògùn bá ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó wọlé, sẹ́ẹ̀lì á yí i padà, yóò sì ṣiṣẹ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọlé ṣáájú, ara sẹ́ẹ̀lì á ti gbóná fún ìjà, kò ní í lè yí oògùn náà padà dáadáa mọ́, agbára rẹ̀ á sì já wálẹ̀ gan-an. Aláìsàn tó wá sí ilé ìwòsàn, fáírọ́ọ̀sì ti wọlé sí i lára ṣáájú ni. Kò sí ẹni tó ń lo oògùn dengue kí ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́.

Ìyẹn ló mú wa dé ọ̀rọ̀ àsìkò, òun ni mo sì kà sí gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti jẹ ènìyàn, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá ni fáírọ́ọ̀sì dengue fi ń pọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀ láìsí àmì. Ọjọ́ tí ibà bá mú onítọ̀hún, iye fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti súnmọ́ òkè téńté. Ọjọ́ kìíní, á ní iṣẹ́ ló rẹ òun. Ọjọ́ kejì, á ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Ọjọ́ kẹta, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà náà, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń pa fáírọ́ọ̀sì náà run kíákíá. Oògùn apafáírọ́ọ̀sì tó dé lọ́jọ́ kẹta dà bí ẹni tó gbé omi dé nígbà tí iná ti jó ilé débi òrùlé. Mẹ́dọ̀wú C kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún ló lè fi wà nínú ẹ̀dọ̀, kí aláìsàn lo oògùn lónìí tàbí lóṣù tó ń bọ̀, fáírọ́ọ̀sì náà ṣì wà níbẹ̀. Àṣìṣe ni láti gbé oògùn kúrò níbi àrùn tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ síbi àrùn tó ń sáré, ká sì rò pé ìbátan tó wà láàárín fáírọ́ọ̀sì méjèèjì ti tó.

Ohun tó ń pa aláìsàn dengue pàápàá yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò. Kì í sábà jẹ́ ìgbà tí ibà ń jó lala. Ìgbà tí ibà bá rọlẹ̀, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Omi ẹ̀jẹ̀ á máa yọ́ jáde sínú ikùn àti àyà, ẹ̀jẹ̀ tó kù á ki, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Ìdílé á ti máa dúpẹ́ pé ara ti fúyẹ́, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí tó léwu jù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là nígbà náà ni omi tí wọ́n ń fà sára, kò gbọdọ̀ kéré, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Ní Ho Chi Minh City kan náà, wọ́n fi omi dírípù oríṣiríṣi wé ara wọn lára àwọn ọmọdé 512 tí dengue ti mú dé ojú ikú, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, omi Ringer tó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò rẹlẹ̀ sí àwọn omi olówó ńlá. Nínú gbogbo àwọn ọmọ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló kú. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró lórí iye yẹn, nítorí kò sí oògùn apafáírọ́ọ̀sì kankan tó tíì ṣe ìdajì rẹ̀ fún dengue. Ohun àtijọ́ ni omi Ringer. Ìdánwò tó mọ́ ló sọ bó ṣe yẹ ká lò ó àti ìgbà tó yẹ. Bí a bá fẹ́ wá oògùn àtijọ́ fún dengue, ó sàn ká wá èyí tó lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń jò, tí àsìkò ṣì wà fún lọ́jọ́ kẹta, ju èyí tó fẹ́ pa fáírọ́ọ̀sì tó ti ń lọ fúnra rẹ̀ lọ. Lovastatin àti prednisolone gba ọ̀nà yẹn, wọn kò sì yege, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n gbé dìde ni ìbéèrè tó tọ́.

Apá kan wà tí mo ti rí ìrètí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ìpele ikú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti dengue lọ. Sofosbuvir, oògùn mẹ́dọ̀wú C tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013, inú ẹ̀dọ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é kó máa lọ. Ẹ̀dọ̀ ló ń yí i padà sí èyí tó ń jà. Ibi tí oògùn ń lọ àti ibi tí àrùn ń jẹ pàdé ara wọn. Nígbà tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa ohun tó lé ní 700 ènìyàn ní Brazil láàárín òpin ọdún 2016 àti 2019, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ fi hàn pé sofosbuvir ń dá fáírọ́ọ̀sì náà dúró nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn, ó sì dáàbò bo eku. Àwọn dókítà kan tilẹ̀ fún aláìsàn mélòó kan lò. Aláìsàn mélòó kan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi lè retí nǹkan nínú rẹ̀ lágbára ju ti chloroquine lọ, torí pé wọ́n ti ro ibi tí oògùn ń lọ kí wọ́n tó ro ohun tó ṣe nínú ìgò.

Àwọn kan á sọ pé ìtara ìwádìí kò yẹ níbi tí ènìyàn ti ń kú: bí oògùn bá ti wà lọ́jà, tí kò sì pa ẹni tó ń lò ó, kí ló dé tí a ò fún àwọn aláìsàn? Àánú ló bí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Oògùn tí kò léwu lára ẹni tó ní àrùn kan lè léwu lára ẹni tó ní òmíràn. Ásípírìn tí gbogbo wa ń lò fún orí fífọ́, bí ẹni tó ní dengue bá lò ó, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀. Ibuprofen náà bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé dengue ti dín èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, àwọn oògùn yìí á sì tún fi kún un. Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni ara wọn ń yá láìlo nǹkan kan. Ibà dengue á lọ ní bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ohunkóhun tí a bá fún aláìsàn lọ́jọ́ kẹrin, ì báà jẹ́ chloroquine, ivermectin tàbí omi lásán, òun ló máa gba ìyìn. Láìsí àwọn tó gba hóró tí kò ní oògùn nínú, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ ẹni tó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbo náà kò kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé dóńgóyárò ńkọ́, ewé ìbẹ́pẹ ńkọ́. Ara igi ni celgosivir ti wá, kò sì sẹ́ni tó fi ìyẹn bu àbùkù kàn án. Ìdánwò ló dá a lẹ́jọ́. Ìdánwò kan náà ni mo fẹ́ kí àgbo wa rí gbà, kì í ṣe ẹ̀gàn, kì í sì í ṣe ìyìn àfẹnujẹ́.

Àtakò kejì lágbára jùyẹn lọ: bí gbogbo oògùn tí a kà sókè yìí bá kùnà, ṣé kì í ṣe pé owó ń ṣòfò? Ṣé kò ní sàn ká náwó náà sórí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti pípa ẹ̀fọn? Kò sí iyè méjì pé àwọn wọ̀nyẹn ló ṣáájú. Ní Yogyakarta ní Indonesia, wọ́n tú ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi kòkòrò Wolbachia sí lára sílẹ̀ láàárín ìlú, dengue sì dín kù níbẹ̀ ní ìdá 77 nínú 100. Mi ò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni mú kọ́bọ̀ kan kúrò nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí orílẹ̀-èdè tó tíì pa gbogbo ẹ̀fọn tán, ẹni tó sì ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ àjẹsára ti kọjá rẹ̀. Àwọn ìdánwò tó kùnà náà kò sì já sófo. Láti ara wọn la ti mọ̀ pé ọjọ́ kẹta ti pẹ́ jù fún oògùn apafáírọ́ọ̀sì, pé sẹ́ẹ̀lì tó ti gbóná kì í yí oògùn padà dáadáa, pé kí NS1 pòórá kò túmọ̀ sí pé ara yá. Ọ̀nà náà tilẹ̀ máa ń lọ síwá-sẹ́yìn: molnupiravir tí wọ́n lò fún kòrónà, nígbà tí wọ́n ń wá oògùn fún fáírọ́ọ̀sì ẹ̀fọn kan tó ń ba ọpọlọ ẹṣin àti ènìyàn jẹ́ ni Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó. Oògùn tí ẹ̀tọ́ àdáni rẹ̀ ti tán, kò sí ilé iṣẹ́ tó máa ná owó ìdánwò lé e lórí, torí ẹlòmíràn lè ṣe é kó sì tà á lọ́la. Òótọ́ ni. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ìjọba àti àwọn àjọ aláàánú. Owó ìlú ló gbé RECOVERY ró, nínú ilé ìwòsàn tó lé ní 170, dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn lójoojúmọ́ ló sì ń fi wọ́n sínú ìdánwò, láìdá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ní 2022, DNDi, àjọ tó ń wá oògùn fún àwọn àrùn tí ayé patì, àti àwọn ilé ìwádìí láti Thailand, Malaysia, India àti Brazil dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí dengue láti yan àwọn oògùn tó ti wà, kí wọ́n sì dán wọn wò pọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ń pa ènìyàn wọn ló jókòó sídìí tábìlì, mo sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ní ipò láti jókòó síbẹ̀. Láàárín 1964 sí 1968, ara àwọn aláìsàn ibà ní Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì dengue gbà, lára àwọn àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti tún yọjú sí Nàìjíríà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2023, dengue mú ohun tó lé ní 100,000 ènìyàn tí wọ́n fura sí ní Burkina Faso, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì kú. Bí wọ́n bá ní kí n yan oògùn kan tí a ó kọ́kọ́ dán wò ní agbègbè wa, sofosbuvir fún ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni màá yàn, torí àwọn ìdí tí mo ti sọ, àti torí pé àwọn ilé iṣẹ́ ní India àti Íjíbítì ti ń ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Kí wọ́n ti kọ ètò ìdánwò náà, kí ìgbìmọ̀ ìlànà ti fọwọ́ sí i, kí ìwé tí aláìsàn máa fọwọ́ sí ti wà ní Yorùbá, Haúsá àti èdè mìíràn, kí oògùn àti hóró àfarawé rẹ̀ ti wà nínú àpótí títì ní ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló ṣáájú gbogbo èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Dakar ní Senegal ni wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ láti Nàìjíríà lọ kí wọ́n tó lè fìdí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ múlẹ̀, èsì rẹ̀ sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìdánwò oògùn kankan kò lè dúró lórí irú èsì bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe ní Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Èkó, kí èsì rẹ̀ sì jáde lọ́jọ́ kan náà tí aláìsàn dé, ni owó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá lọ.